Kọ́bọ̀ Oníhò Tí A Yọ́ Fún Agogo

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: Form Three ni mo kà dé. Ẹnikẹ́ni ò lé mi nílé ìwé. Ìṣirò ló lé mi. Ìyá mi àgbà, tí wọ́n ń ta kòkó kí wọ́n lè san owó ilé ìwé mi, ò bá mi jà lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé mi ò padà mọ́. Wọ́n kàn wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ lórí okùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ni ìjọba sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa. Torí náà, tí ẹ bá ń wá ẹni tó máa ń kúrò nídìí nǹkan nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa pín in lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má wá a lọ jìnnà.

Mo bá jókòó sílé ní Òdòde, ní Ìdànrè, lọ́dọ̀ ìyá mi àgbà, tí mò ń pè ní màmá, mò ń ṣe iṣẹ́ tí kò lórúkọ. Lọ́jọ́ oko, màá tẹ̀ lé wọn lọ sí Àtosìn: màá ru àdá lọ, màá ru ebi bọ̀. Lọ́jọ́ Sunday, èmi ni mò ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aládùúrà ni wá nílé wa, àwa tá a máa ń wọ aṣọ funfun, tá a máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Agogo kan tí wọ́n ń fọwọ́ mì, tí wọ́n fi idẹ ṣe, òun ló ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà, òun náà ló ń parí ẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀mí gbé mi ni wọ́n ṣe fún mi níṣẹ́ yẹn o. Apá mi gùn ni, wọn ò sì rí nǹkan míì tí wọ́n lè fi mí ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ní kí n lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kùrọ́ wà lápò mi. Mo wá òkúta tí màá fi pa á, mi ò rí. Ní Ìdànrè o, níbi tí òkúta pọ̀ ju èèyàn lọ, tí òkè yí ilé ká bí odi, èmi ò rí òkúta. Agogo ló wà nítòsí. Mo fi etí agogo lu ẹ̀kùrọ́ kìíní, ó fọ́ dáadáa. Ìkejì fọ́, ìkẹta fọ́. Nígbà tó di ìkeje, agogo fọhùn lọ́nà tí mi ò gbọ́ rí. Mo gbé e sókè, ó ti sán láti etí dé àárín.

Lọ́jọ́ kejì, tí mo mì í fún àdúrà, ó dún bí agolo mílíìkì tí ọmọdé ń ta nípàá. Wòlíì gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n wo inú ẹ̀, wọ́n fi ìka nu etí ẹ̀, wọ́n gbóòórùn ìka náà.

"Ṣé ẹ̀kùrọ́ ni mò ń gbóòórùn yìí?"

Gbogbo ìjọ wò mí. Kí Wòlíì tó lè béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi àgbà ti dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Ọma mi ló bà á jẹ́," ni wọ́n wí. "Èmi ni màá rọ́pò ẹ̀, kí ìkórè tó dé."

Ọma ni àwọn àgbà Ìdànrè ń pe ọmọ. Màmá ò sọ Yorùbá inú ìwé rí, àmọ́ tí mo bá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ á dá ìwé mi padà fún mi.

Nínú ìjọ wa, ohun téèyàn bá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ lórí ìdúró níwájú pẹpẹ, ẹ̀jẹ́ ni. Lọ́jọ́ ìkórè, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣu kan nínú ohun tí wọ́n gbé wá, alàgbà kan máa ń dìde, á ka orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ tí kò tíì san án. Kì í yára kà á. Tó bá ka orúkọ kan tán, á sinmi díẹ̀, kí gbogbo ojú lè ráyè wá onítọ̀hún rí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìyá mi àgbà ti wà níbẹ̀, wọn ò pe orúkọ wọn rí. Àwọn ẹlòmíì ló ń tẹ orí ba lọ́jọ́ yẹn. Màmá máa ń gbé orí sókè ni. Èmi ni mo wá fi ẹ̀kùrọ́ méje gbé orúkọ wọn sórí ìwé alàgbà.

Kòkó ọdún yẹn ò sì dáa. Òjò pọ̀ jù, èso dúdú sórí igi. Màmá wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta agogo. Nígbà tí ọlọ́jà dárúkọ iye ẹ̀, màmá ní kó jọ̀ọ́ kó bá àwọn wá àga ná. Ìgbà tí wọ́n dé, wọn ò jẹun alẹ́, wọn ò sì bá mi wí. Èyí tí wọn ò bá mi wí yẹn ló dùn mí jù. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bú mi, ó ti mọ́ mi lára. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni mo ti rí ọgbọ́n. Ìkòkò kan wà níbẹ̀ tí kọ́bọ̀ ayé òyìnbó kún inú ẹ̀, àwọn tó ní ihò láàárín yẹn, tí adé wà lókè ihò. Màmá ti fi okùn so wọ́n, ọgọ́rùn-ún lórí okùn kọ̀ọ̀kan, okùn méjìlá. Nígbà tí náírà dé, wọ́n kéde pé kí gbogbo ẹni tó ní owó àtijọ́ gbé e lọ pààrọ̀ ní báńkì. Àkúrẹ́ ni báńkì wà nígbà yẹn. Màmá ní àwọn ò lè gbé owó fún ẹni tí àwọn ò mọ ilé bàbá ẹ̀. Wọ́n ní tí ojú ìjọba bá wálẹ̀, á gba owó ẹ̀ padà. Ojú ìjọba ò wálẹ̀. Owó tó lè ra ewúrẹ́ nígbà kan wá di ohun tí eku ń gùn kọjá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá," ni mo wí, "bàbà ni gbogbo èyí. Alágbẹ̀dẹ kan wà ní Aládé tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe agogo."

Wọ́n wò mí. "Kí o gbé owó síná?"

"Kì í ṣe owó mọ́, Màmá."

"Kí ló wà lára ẹ̀?"

"Adé."

"Orí ta ni adé ń gbé? Ìwọ fẹ́ ti adé ọba bọ iná, kí o wá fi ohun tó bá jáde níbẹ̀ pe Ọlọ́run. Ṣé ẹ̀kùrọ́ yẹn ò tíì dà nínú ẹ ni?"

Kì í ṣe adé nìkan ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Kí wọ́n tó bí mi, alágbẹ̀dẹ fàdákà kan wà nílùú tó máa ń yọ́ ṣílè, tó ń fi í ṣe yẹtí fún àwọn ìyàwó tuntun. Ọlọ́pàá ayé òyìnbó wá mú un lọ. Ó pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé, kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ pàápàá mọ́. Màmá mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló ṣe yẹtí tiwọn.

"Lọ bi ẹni tó mọ òfin," ni wọ́n wí. "Tó bá ní kò sí wàhálà, màá tú okùn. Tó bá ní wàhálà wà, kí alàgbà pe orúkọ mi. Ìtìjú ò ní pa mí. Àmọ́ mi ò ní í gbé oúnjẹ lọ bá ọ lẹ́wọ̀n, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ẹni tó mọ òfin jù ládùúgbò wa ni kọ́púrà ọlọ́pàá kan tó gba yàrá sílé kejì. Ará Bendel ni. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ tí nǹkan bá ká a lára, Píjìn ló máa ń bọ́ sí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ bá a. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìbéèrè kékeré kan ni. Tí èèyàn bá gbé owó síná…"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ. "Owó wo?"

"Owó tó ti kú ni, sà."

"Ta ló pa á?"

"Ìjọba ni, sà."

"My friend, you wan open mint for Idanre? Owó ni ẹ fẹ́ máa ṣe níbí?"

"Rárá o, sà. Yíyọ́ ni, kì í ṣe ṣíṣe."

"Ìwé mélòó lo kà?"

"Form Three, sà."

Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù padà sórí aṣọ. "O ò lè ṣe owó. Jókòó."

Mo yọ kọ́bọ̀ oníhò kan lápò, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ agogo fún un, mo sì fo ibi tí ẹ̀kùrọ́ wà nínú ìtàn náà. Kọ́púrà gbé kọ́bọ̀ sójú, ó fi ihò ẹ̀ wò mí.

"Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé owó tí ìjọba ń ná, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e, kò gbọdọ̀ jó o, kò gbọdọ̀ yọ́ ọ. Ẹ̀wọ̀n ni. Èyí tí ìjọba ò ná mọ́, wọn ò kọ́ wa nígbà yẹn. Ó ṣeé ṣe kí n sùn lọ ní kíláàsì." Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Wá. Ká lọ bi ọjà."

Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì sọ́rùn, a sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alhaji. Páànù, ìṣó àti kẹrosíìnì ni Alhaji ń tà. Bàbá tó nírùngbọ̀n ni wọ́n, wọn kì í yára rẹ́rìn-ín, pàápàá tí wọ́n bá rí yunifọ́ọ̀mù.

"Alhaji," ni kọ́púrà wí, "ẹ ta kẹrosíìnì kọ́bọ̀ kan fún ọmọ yìí." Ó gbé kọ́bọ̀ oníhò sórí káńtà.

Alhaji wo kọ́bọ̀, wọ́n wo kọ́púrà. "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ mú mi ni? Owó yìí ti kú tipẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Ẹ ò ní í gbà á?"

"Kí n fi ṣe kí ni? Tí mo bá gbé e fún ẹni tí mo ti ń ra ọjà, á nà mí." Wọ́n tún gbé kọ́bọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n yíjú sí mi. "Àyàfi tó bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Àwọn káfíńtà máa ń béèrè ẹ̀ fún wáṣà. Ìṣó páànù wọ ihò ẹ̀ gẹ́lẹ́, omi ò sì ní í ráyè gbabẹ̀ wọlé. Pàápàá àwọn tó funfun lára wọn, wọn kì í dípẹtà."

Wáṣà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín sí wọn lójú. Èmi ń gbé agogo Ọlọ́run kalẹ̀ lọ́kàn, Alhaji ń sọ̀rọ̀ orí ìṣó.

Kọ́púrà gbá mi léjìká. "O ti gbọ́. Owó tí kò lè ra kẹrosíìnì, kì í ṣe owó. Irin ni. Lọ yọ́ irin ẹ. Àmọ́ tí mo bá rí kọ́bọ̀ tuntun kan ṣoṣo nínú ẹ̀, èmi fúnra mi ni màá tì ọ́ mọ́lé. You hear?"

Mo gbọ́. Mo gbọ́ débi pé nígbà tí mo délé, mo jókòó ti ìkòkò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo kọ́bọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá tuntun kan ti yọ́ wọ àárín wọn. Mo ti dé orí okùn kẹta, àágùn ti bò mí, kí n tó rántí pé kọ́bọ̀ tuntun ò níhò. Ibo ni okùn á gbà wọ̀ ọ́?

Màmá ní kí n tún ọ̀rọ̀ kọ́púrà sọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá jókòó sílẹ̀, wọ́n tú okùn náà fúnra wọn, wọ́n kó gbogbo kọ́bọ̀ sínú agbada, wọ́n bu omi àdúrà lé e lórí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ẹni tó ni adé sọ̀rọ̀. "Kábíyèsí, ẹ má bínú. Ẹ ti ṣe owó títí, ẹ wá bá wa ṣe agogo."

Ní Aládé, alágbẹ̀dẹ tí mò ń sọ yìí jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ti fi ìda oyin mọ agogo kan, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n á wá yá a níná kí ìda lè yọ́ jáde, kí àyè agogo ṣẹ́kù nínú amọ̀. Mo da kọ́bọ̀ sílẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ tú u ká, wọ́n ń sọ ọ́ sọ́tùn-ún, sósì. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fiyè sí ohun tí Alhaji ti sọ, pé oríṣi méjì ni: ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun. Okùn márùn-ún ni pupa tó, funfun ló pọ̀ jù.

"Èyí tó pupa yìí, bàbà ni," ni bàbá wí. "Funfun yìí, mi ò mọ ohun tí òyìnbó pò mọ́ ọn. Iná mi ò ràn án."

"Bàbá, kọ́bọ̀ ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká dà á pọ̀."

Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ju ìkúnwọ́ kan funfun sínú ìkòkò ìyọ́ pẹ̀lú pupa, wọ́n nawọ́ sí ẹwìrì fún mi. Mo fẹ́ná. Mo fẹ́ ẹ títí apá mi gígùn fi fẹ́ já. Pupa yọ́, ó dà bí epo. Funfun jókòó sínú ẹ̀ bí àlejò tó jẹun tán tí kò lọ. Bàbá fi ẹ̀mú ṣà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n síwájú mi. Adé ṣì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Ó ku kí ẹ wá idẹ díẹ̀ sí i," ni wọ́n wí. "Bàbà nìkan ò ní ohùn. Ó máa ń sùn."

Ibí yìí ni mo ti ṣe ohun tí mi ò lè dárí ẹ̀ ji ara mi. Mo gbé àyà sókè. Mo ní, "Bàbá, nílé ìwé tí a lọ, wọ́n kọ́ wa pé ohun tí kò bá lábùlà ló dáa jù."

"Nílé ìwé?"

"Ní Form Three, Bàbá."

"Èmi ò lọ rárá," ni bàbá wí. "Ó dáa. Ká ṣe ti ilé ìwé." Wọ́n sì da bàbà sínú amọ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń kọ́ èèyàn nípa irin tí wọ́n pò mọ́ irin ní ilé ìwé yẹn lóòótọ́. Form Four ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹta, mo padà lọ, a fọ́ amọ̀. Agogo náà rẹwà. Ó pupa, ó ń dán, ẹnu ẹ̀ tẹ́ dáadáa. Bàbá so ahọ́n mọ́ ọn nínú, wọ́n gbé e fún mi. Mo mì í.

Kọ́.

Mo tún un mì. Kọ́. Ó dún bí ìgbà tí tíṣà ìṣirò bá fi ìka kan orí mi, kò sì fi gbogbo ara yàtọ̀ sí i: ohun tó wà nínú àwọn méjèèjì ò pọ̀.

Bàbá fa áásà símú. "Tí o bá gbé e lọ sí Òfosù, àwọn tó ń ra bàbà lójú ọ̀nà Benin á wọ̀n ọ́n fún ọ bí ẹran. Owó ẹ̀ lè ra iṣu méjì, mẹ́ta tí iṣu bá kéré." Wọn ò sọ nǹkan nípa ilé ìwé. Àwọn àgbà kan burú báyẹn.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí ìkórè dé. Mo fi àkísà di ahọ́n agogo, mo gbé e sínú àpò, mo ń rìn bọ̀ láti Aládé. Mo rò ó pé kí n wọ mọ́tò lọ sí Òfosù, kí n ta á, kí n sì ti ibẹ̀ wọ mọ́tò míì lọ sí ibi tí wọn ò ti mọ orúkọ mi. Ohun tí kò jẹ́ kí n lọ ò ní í ṣe pẹ̀lú ìwà rere. Mo ń wo màmá lọ́kàn mi lọ́jọ́ ìkórè, tí alàgbà pe orúkọ wọn, tó sinmi, tí gbogbo ojú wá wọn kàn, tí kò sì sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n tí àwọn èèyàn lè bínú sí. Ó kéré tán, tí mo bá wà níbẹ̀, wọ́n á pín in.

Mo gbé agogo fún wọn nínú yàrá, mo tú àkísà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti lè sá. Màmá mì í. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n tún mì í. Wọ́n gbé ojú sókè, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì wọ́n ní èjìká.

"Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn," ni wọ́n wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fi ìborùn nu ojú. Nígbà tó rọ̀, wọ́n ní, "Kí ni alágbẹ̀dẹ sọ?"

"Wọ́n ní ká fi idẹ sí i."

"Ìwọ ní kí ni?"

"Mo ní rárá."

"Ìwọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹni tó ń rọ irin kí wọ́n tó bí bàbá ẹ ní kó o fi idẹ sí i, ìwọ ní rárá." Wọ́n mi orí. "Owó ilé ìwé tí mo san yẹn, kí ni mo rà níbẹ̀ gan-an? Àwọn kọ́bọ̀ tó kù dà?"

"Àwọn funfun ló kù. Wọn ò wúlò, iná ò ràn wọ́n. Alhaji tiẹ̀ ń sọ pé àwọn káfíńtà ń fi wọ́n ṣe wáṣà." Mo sọ ọ́ kí wọ́n lè tún rẹ́rìn-ín.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń wé gèlè.

Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù, Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, wọ́n ń ká ẹní. Màmá gbé agbada kọ́bọ̀ funfun sórí káńtà, ó dún gbàù.

"Ìyá aláṣọ funfun," ni Alhaji wí, "ẹ káàbọ̀ o. Kẹrosíìnì ni àbí ìṣó?"

"Mi ò wá rà. Mo wá tà. Wọ́n ní o ń wá wáṣà."

Alhaji kó ìkúnwọ́ kan, wọ́n jẹ́ kó dà padà láàárín ìka. Mo rí i pé ojú wọn tàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fà á mọ́ra. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń dé, gbogbo ẹni tó bá rí owó kòkó díẹ̀ ló ń kan òrùlé. "Èló lẹ fẹ́ gbà?"

"Mi ò fẹ́ owó. Kí lò ń fi àwọn nǹkan yẹn ṣe?" Màmá na ìka sí kọ̀rọ̀ kan. Ẹnu ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi idẹ ṣe ló kún apẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀, àwọn tí wọ́n yọ kúrò lára ilé kan. Wọ́n ti rì wọ́n mọ́ ògiri fún ọdún mélòó kan, omi ò jáde lẹ́nu wọn rí.

"Ẹ fẹ́ fa omi wọlé ni?"

"Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ fi ṣe."

Alhaji fọwọ́ bo ẹnu. "Kí n fi ọwọ́ ara mi gbé idẹ fún yín, kí ẹ wá máa fi jí mi láàárọ̀ kùtù?"

"Ṣé ìwọ kì í jí wa ni? Adìẹ mi ò tíì jí tí ẹ ti ń pe ìrun. Ó ti tó ọdún mélòó tí mò ń bá yín jí, mi ò bú yín. Ẹ jẹ́ káwa náà bá yín ṣe é díẹ̀."

"Ìyá, òótọ́ lẹ sọ yẹn." Ẹ̀rín tí Alhaji kì í rín, ó jáde wàyí. "Apẹ̀rẹ̀ kan fún agbada kan?"

"Apẹ̀rẹ̀ kan, àti ìgò kẹrosíìnì kan."

"Kẹrosíìnì ti ibo wá?"

"Ọjọ́ tí ọmọ yìí gbé kọ́bọ̀ wá fún ọ, o ò ta kẹrosíìnì fún un. Ta á báyìí."

Alhaji bu kẹrosíìnì. Èmi ni mo ru apẹ̀rẹ̀.

Ní Aládé, alágbẹ̀dẹ wo ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n wo agogo tó ń sọ kọ́, wọ́n wo èmi. "Kí ni ilé ìwé wí lórí èyí?"

"Ilé ìwé ò wí nǹkan kan, Bàbá."

"Ó dáa. Fẹ́ná."

Mo fẹ́ná láti àárọ̀ títí ọ̀sán, mi ò la ẹnu mi. Agogo pupa padà sínú ìkòkò ìyọ́, ó di omi, ẹnu ẹ̀rọ tẹ̀ lé e wọlé. Bàbá ló ń pinnu iye tó yẹ, wọ́n ń fi ojú wọ̀n ọ́n, wọ́n ń gbọ́ ọ bí ìyàwó ilé ṣe ń gbọ́ ọbẹ̀ tó ń hó. Ọjọ́ méjì péré ló kù sí ìkórè nígbà tá a fọ́ amọ̀ kejì. Àwọ̀ eléyìí dà bí ọsàn tó pọ́n, kò rẹwà tó ti àkọ́kọ́. Ihò kékeré kan tiẹ̀ wà létí ẹ̀, níbi tí amọ̀ ti jò. Bàbá ò gbé e fún mi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n mì í, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì dúró. Ohùn náà wà nínú àgbẹ̀dẹ, ó wà lójú títì, obìnrin kan tó ń gún nǹkan lódìkejì dá ọmọ odó dúró sókè. Bàbá tẹ́tí títí ó fi tán pátápátá, wọ́n wá fi aṣọ wé e.

Lọ́jọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì ò gba èèyàn. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrèké, adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, gbogbo ẹ̀ kún iwájú pẹpẹ. Kọ́púrà pàápàá wá, ó ní iṣẹ́ ọba ni òun bá wá, àmọ́ ó bọ́ bàtà ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì jókòó sí tòsí ibi tí oúnjẹ wà. Alàgbà dìde, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n tún awò ojú ṣe. Orúkọ wo ló máa ṣáájú, gbogbo èèyàn mọ̀, torí gbogbo ìjọ ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí màmá jẹ́jẹ̀ẹ́. Àwọn kan ti ń yí ọrùn díẹ̀díẹ̀.

Màmá dìde kí alàgbà tó la ẹnu. Wọ́n rọra rìn lọ síwájú pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, aṣọ funfun wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n tú u. Wọ́n gbé agogo sókè, wọ́n mì í.

Ó dún gba ojú fèrèsé jáde. Òkè gbà á, ó dá a padà fún wa láti ẹ̀yìn ilé. Àwọn adìẹ tó wà nílẹ̀ dákẹ́. Wòlíì na ọwọ́ ọ̀tún kí màmá lè gbé e fún wọn. Màmá ò wo ọwọ́ náà. Wọ́n tún mì í sí apá àwọn ọkùnrin, wọ́n mì í sí apá àwọn obìnrin, wọ́n yíjú sí àwọn tó dúró nítòsí ilẹ̀kùn torí àyè ò sí, wọ́n mì í sí àwọn náà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ Wòlíì, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n na tòsì. Mo jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹkún pọ̀ mọ́ ẹ̀rín bí ẹni tó jẹ ata.

Nígbà tí apá rẹ màmá, wọ́n gbé agogo lé Wòlíì lọ́wọ́ òsì. Wọ́n padà sí àyè wọn, wọ́n jókòó, wọ́n tún ìborùn ṣe dáadáa lórí èjìká, wọ́n gbé orí sókè.

"Alàgbà," ni wọ́n wí, "ẹ wá máa ka orúkọ yín."